Etí Agbo Ìràwọ̀, Etí Òkun

Awoye,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kínní, 2025.

Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbẹ ọ́ bí ẹja orí ààrò? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Happiness, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fi bóòtù rẹ̀ gbé lẹ́tà wa lọ sí Igbókòdá kó lè yà á ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, òun náà ní kí n kí ọ. Èmi pàápàá kí ọ, àmọ́ ìkíni tèmi kò wá láti ìsàlẹ̀ ọkàn, torí inú ń bí mi.

Mo ti fi bírò pupa ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà rẹ tó kọjá. Happiness yóò yà á pọ̀ mọ́ èyí. Ọmọ tí olórí ilé-ẹ̀kọ́ bí, ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ gbogbo Awoye níwèé, òun ló ń kọ "ọkọ̀" láìfi àmì sí i! O ní o wọ ọkọ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ wo? Àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko lo gùn lọ? Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún ọ. Ìyá rẹ bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́ di márùn-ún. Mo kọ̀.

Kí ni mo tún ń gbọ́ yìí? O ní o ń fi òru ya fọ́tò "gáláàsì". Mo ka ọ̀rọ̀ náà sétí ìyá rẹ, ó ní, "Gíláàsì? Èyí tí a fi ń mu omi?" Mo ní rárá, ti ojú ọ̀run ni. Ó wá ní, "Ta ló gbé e lọ síbẹ̀?" Físíìsì la mọ̀ pé o bá lọ. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ fọ́tò lo fẹ́, ṣebí Kọ́lájọ wà ní Ode Mahin níbí, kò wọ ọkọ̀ òfurufú kó tó kọ́ ọ. Gbogbo ẹni tí Kọ́lájọ bá sì yà ló ní ojú àti imú, títí kan òkú.

Fọ́tò tí àwa ń retí kò ní ìràwọ̀ nínú. Oṣù Kejìlá lo sọ pé ẹ máa ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n á sọ ọ́ di Dọ́kítà. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti sọ fún àwọn àgbààgbà ìjọ. Wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Dọ́kítà, mo sì ti ń jẹ́ ẹ. Fi fọ́tò èyí tí o dé fìlà onígun mẹ́rin ránṣẹ́, kí n tó di òpùrọ́.

Èmi tí ojú ń ro láti ara wíwọ̀nà,
Lawrence Olówòkéré, bàbá rẹ.


Sikọ́tílándì,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi, Ọ̀gá oníbírò pupa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ bá mi kí ìyá mi, Ìyé. Ẹ sọ fún wọn pé òtútù ò tíì gbẹ mí, ó kàn dì mí ni.

Mo rí máàkì mi, mo dúpẹ́. Nínú lẹ́tà yìí, mo ti fi àmì sórí gbogbo ohun tó lè gba àmì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ lè rí nǹkan ṣe.

Gáláàsì kì í ṣe gíláàsì, Bàbá. Agbo ìràwọ̀ ni. Ẹ wo bí omi ṣe máa ń yí po lẹ́yìn ẹ́ńjìnì bóòtù Happiness, tí ìfófòó á na apá, tí á ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí mo ń yà ṣe rí, àfi pé ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán ni ìfófòó tirẹ̀. Àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Ẹni tó bá ti ní awò-awọ̀nàjíjìn àti kámẹ́rà lè ya àárín yẹn kí iṣu tó jinná. Etí rẹ̀ lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ ti fọ́n ká jìnnà sí ara wọn, ìmọ́lẹ̀ wọn kéré débi pé ojú ọ̀run tó dúdú yìí gan-an mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ. Nítorí náà, màá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá tì í, màá tún ṣí i. Bí mo bá ní ọ̀ọ́dúnrún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, màá fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n lé ara wọn. Jágbajàgba tó jẹ́ ti kámẹ́rà á máa parẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ á máa yọ. Ìṣòro mi ni ìkùukùu. Nínú gbogbo oṣù Kínní, òru mẹ́rin péré ni ojú ọ̀run là.

Ọ̀gá kan wà níbí tí à ń pè ní Bàbá Dónálì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Wọ́n mọ ìràwọ̀ bí ẹ ṣe mọ àmì ohùn. Awò-awọ̀nàjíjìn wọn ni mo ń lò, torí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ojoojúmọ́ la jọ ń wà.

Ní ti ayẹyẹ, wọ́n sún un síwájú. Nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Màá ṣàlàyé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Mo rí i nínú ìròyìn pé òkun tún ya wọ etíkun lóṣù Kejìlá, ẹ ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ ya fọ́tò ilé wa ránṣẹ́, kí ẹ̀yin àti Ìyé dúró níwájú rẹ̀. Ẹ tún sọ fún mi: tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà yín máa ń lò lọ́nà. Èyí dé lọ́jọ́ kejì tí ẹ kọ ọ́. Ṣé Happiness ti ra ọkọ̀ òfurufú ni?

Ọmọ yín tó ń wojú ọ̀run,
Ìtẹ́.


Awoye,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejì, 2025.

Ìtẹ́olúwakìṣí,

A kí ọ o. Máàkì mẹ́fà. O fi àmì sórí ibi tí kò yẹ lọ́nà mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá gbọ́ ọ yé, nǹkan kan wà lójú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ láàárín, o fi ibi tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀, o lọ ń ya ibi tí kò sí nǹkan kan. O wá tún un yà ní ìgbà ọ̀ọ́dúnrún, kó lè dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá rẹ ní òun lè bá ọ ya irú fọ́tò yẹn láti ibi tí òun jókòó sí, kí òun ṣáà ti má ṣí ojú kámẹ́rà. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá Bàbá Dónálì yìí ní ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń fi ìràwọ̀ wa ọkọ̀ bọ̀ láti ojú òkun. Ìràwọ̀ wo lèèyàn fẹ́ rí níbí mọ́? Iná gáàsì àwọn elépo rọ̀bì tó ń jó lórí omi kì í sùn. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, pupa ni ojú ọ̀run, àfi bíi pé ẹnì kan gba bírò mi, ó fi ń máàkì rẹ̀.

O béèrè ilé. Òkun wá lóòótọ́, ó kí wa, ó sì padà síbi tó ti wá. Òpó mẹ́rìndínlógún tí mo fi gbé ilé náà dúró ṣì wà. Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí. Happiness ti ní ẹ́ńjìnì tuntun, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà máa yá. Fọ́tò yóò dé bó bá yá, ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ló ń dùn ún.

Èmi náà ní ìbéèrè. Wọ́n sún ayẹyẹ síwájú títí di ìgbà wo? Ó ti ń sú mi láti máa dá àwọn àgbààgbà lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún wọn pé ìwé rẹ ga débi pé wọn ò tíì rí aṣọ tó gùn tó o.

Bàbá Dọ́kítà, bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀,
L. Olówòkéré.


Sikọ́tílándì,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bú mi nítorí pé mo pẹ́. Ẹ bú ìkùukùu.

Ó parí! Fọ́tò ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lápapọ̀. Lóru tí mo tò wọ́n lé ara wọn, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Dónálì, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé wọn, a jọ ń wò ó. Àárín kọ́kọ́ yọ, ìyẹn ò tu irun kankan lára wa. Mo wá ń fa ibi tó ṣókùnkùn jáde díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fà á jù, gbogbo rẹ̀ á funfun bàláú; bí n ò bá fà á tó, n ò ní rí nǹkan kan. Ìgbà tó yá, apá kan yọ ní etí rẹ̀ lápá òsì. Ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín iná tó ti kú. Kò ká mọ́ra bí àwọn apá yòókù. Ó na jáde gbọọrọ, àfi bíi pé ẹnì kan tó ń kọjá lọ fa etí aṣọ rẹ̀. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Agbo ìràwọ̀ kékeré kan ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láyé ọjọ́un, ó sì wọ́ àwọn ìràwọ̀ etí rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi awò kékeré bíi tiwa fà á jáde báyìí kò wọ́pọ̀. Bàbá Dónálì sunkún. Wọ́n ní láti ogójì ọdún ni àwọn ti ń wá a.

Ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà mi yẹn ti wà lọ́nà láti bí ọdún mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Nígbà tó gbéra, kò sí Awoye, kò sí tíṣà, kò sì sí bírò pupa. Ẹ wo bí ayé ṣe tutù tó!

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ níbí ti gbé e jáde. Mo ya ojú ewé náà ránṣẹ́. Ẹ sọ fún Ìyé kí wọ́n wo etí rẹ̀ lápá òsì.

Fọ́tò ilé dà? Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo ń béèrè.

Èmi ni,
Ìtẹ́.


Awoye,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ìtẹ́olúwakìṣí Olówòkéré,

Mo rí fọ́tò rẹ. Mo ti rí epo rọ̀bì tó dà sójú omi ní Awoye níbí tó lẹ́wà jù ú lọ.

Tíṣà ni mí, n kì í wo àwòrán kí n má ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ojú mi ti ń ṣú díẹ̀, mo lọ yá awò ìkàwé, mo sì ka lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìtẹ́olúwakìṣí Olówòkéré, òṣìṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló ya fọ́tò yìí nínú àgbàlá ibi iṣẹ́ rẹ̀, awò tí ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà yá a ló sì lò. Wọ́n fi gbogbo àmì sórí orúkọ rẹ. Mo fún wọn ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Áà! Nítorí náà, Ọ̀gá Dónálì lẹni tí o máa ń wẹ̀. "Ojoojúmọ́ la jọ ń wà." Òótọ́ ni, o ò purọ́ níbẹ̀, o kàn gbé òótọ́ náà síbi tó ṣókùnkùn ni. Èmi ń bẹ níwájú àwọn àgbààgbà ìjọ, mò ń sọ pé wọ́n ń gbọn aṣọ Dọ́kítà, aṣọ ìnura ni ọmọ mi ń gbọn. O ń fọ ẹ̀yìn bàbá ẹlòmíràn, tìrẹ ń na ọwọ́ tí kò tó ẹ̀yìn ní Awoye. Láti ìgbà wo? Ọdún kan? Méjì? Gbogbo lẹ́tà tí mo ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe àmì rẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yẹ kí n ṣàtúnṣe.

Òdo ni máàkì rẹ. Ìyá rẹ kò bẹ̀ mí lọ́tẹ̀ yìí.

Fọ́tò ilé tí o ń tìtorí rẹ̀ yọ mí lẹ́nu nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ni Happiness yà á, kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n òrùlé hàn kedere. Wò ó dáadáa. Ilé ẹni tí kì í parọ́ nìyẹn.

Bàbá rẹ.


Sikọ́tílándì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo gba òdo mi, ó tọ́ sí mi.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni. Wọ́n ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pa, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ̀yìn tì, ìwé ìgbélùú mi sì fẹ́ tán. Ilé àwọn arúgbó nìkan ló gbà mí síṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó lè jẹ́ kí n dúró. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́tà yín ló dé, ẹ ní wọ́n ti ń pè yín ní Bàbá Dọ́kítà. Ojú tì mí láti gba oyè lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, kò dára.

Ó wá kù sí tiyín. Ẹ ní kí n wo fọ́tò ilé dáadáa. Mo wò ó dáadáa. Ṣé ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ tí mo ń fi òru ṣe ni, Bàbá? Ẹ fi òkùnkùn ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ́ pé òkùnkùn ló ń tú wò!

Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe fa etí agbo ìràwọ̀. Iná gáàsì tí ẹ ń bú yẹn ló ràn mí lọ́wọ́, ó tàn díẹ̀ sójú omi. Òrùlé kọ́kọ́ yọ, òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, òpó. Mo kà á, Bàbá: méje. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú mọ́, ìgbì omi ń ta dé ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí nǹkan kan nísàlẹ̀ pátápátá, létí fọ́tò lápá ọ̀tún. Mo kọ́kọ́ rò pé jágbajàgba kámẹ́rà ni. Mo tún fà á. Obìnrin kan ni, omi mu ún dé ìbàdí, ó tẹ̀ síwájú, ó pọ̀n ẹrù ńlá. Ìyé ni. Mo tún fà á díẹ̀. Ẹrù náà ní orí. Orí náà pá. Ó wọ awò ojú, ó sì na ìka kan sí òkun bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọ kíláàsì kejì wí.

Bàbá, ta ni Ìyé pọ̀n?

Ẹ ò sí ní Awoye. Igbókòdá lẹ wà, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń dé lọ́jọ́ kejì. Òpó mẹ́rìndínlógún tí ẹ kà láàárọ̀, inú àlá lẹ ti kà á?

Máàkì mélòó ni kí n fún yín?

Ìtẹ́.


Igbókòdá,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2025.

Ọma mi,

Bàbá rẹ á ní kí n kọ "ọmọ". Ọma ni mo bí, ọma ni màá kọ. Òun ló kọ́ mi níwèé ní kíláàsì àwọn àgbà.

Ara mi le. Tirẹ̀ ni kò le. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, kò fọwọ́ kan bírò. Á jókòó, á kọjú sí ògiri. Mo se pupurú, kò jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje rèé, ìwọ náà ò kọ̀wé. Bí ẹ ṣe le tó, ẹ̀yin méjèèjì jọra bí ìbejì, èmi ni mo ya tèmi sọ́tọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni. Òkun bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Bàbá rẹ gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ní òun ti wà ní Awoye kí òkun yìí tó mọ ibẹ̀, pé kó kọ lẹ́tà tọrọ àyè kó tó wọlé. Omi mu ún dé orúnkún, kò dìde. Omi gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó sún àga sẹ́yìn. Happiness ń pariwo nínú bóòtù pé, "Bùọ̀dá Lawrence, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì ń kú!" Nígbà tó wá fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Gùn mí." Ó ní, "Moríkẹ́, àwọn tí mo kọ́ níwèé ń wò mí." Mo ní kó yáa panu mọ́ kí omi má wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo fà á sẹ́yìn mi, mo gbéra. Títí dé inú bóòtù ló ń bá òkun wí. Happiness ń ya bí omi ṣe ń bọ̀, kò mọ̀ pé a bọ́ sínú fọ́tò náà, torí ó dúdú bí ìkòkò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ilé.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Happiness là ń gbé. Bàbá rẹ ló ní ká má sọ fún ọ, pé o máa fi ìwé sílẹ̀ bọ̀ wálé. Ìwọ náà ò sọ tìrẹ, kí ojú má bàa tì í. Ẹ wá ń kọ̀wé síra yín láti ilé tí kò sí, nípa ìwé tí kò sí. Èmi ni mo ń jókòó láàárín.

Bàbá arúgbó tí ò ń tọ́jú yẹn, ṣé o máa ń rọra gbé e? Ṣé o kì í jẹ́ kí omi tó tutù kàn án? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, n ò rí ibi tí ìtìjú wà níbẹ̀. Èmi náà gbé arúgbó, kò sẹ́ni tó dé fìlà onígun mẹ́rin fún mi.

Kọ̀wé sí i. Má bẹ̀ ẹ́ o. Bú u díẹ̀, á jẹun.

Ìyé rẹ,
Moríkẹ́.


Sikọ́tílándì,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, 2025.

Sí Ọ̀gbẹ́ni L. Olówòkéré, akẹ́kọ̀ọ́,

Ẹ gba ìkíni mi. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún. Mo ra bírò pupa nítorí rẹ̀. Àmì ohùn: ó pé. Ìkọ̀wé: ó dára. Àdírẹ́sì: irọ́, mo yọ mẹ́ta. "Ilé ẹni tí kì í parọ́": kò sí ilé, ẹni náà sì ń parọ́. Mo yọ máàkì méjì lórí ìyẹn. Epo rọ̀bì tí ẹ ní ó lẹ́wà ju fọ́tò mi lọ: ìlara ni, mo yọ ọ̀kan. Ẹ gba máàkì mẹ́rin, bí ẹ ṣe fún mi. Ìyé ló gba mẹ́wàá, wọn ò sì ṣe ìdánwò.

Mo ní kí Bàbá Dónálì wo fọ́tò yín. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ẹni tó lè na ìka sí òkun báyẹn, àwọn fẹ́ kí i. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra, ẹ lè fún wọn ní máàkì.

Mo sunkún, Bàbá. Oṣù méje ni ẹ fi sùn nínú yàrá kan, tí èmi sì ń ròyìn ìràwọ̀ fún yín. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi nínú oṣù Kejìlá. Mò ń bọ̀ wálé. Ẹ kọ ibi tí màá gbà, kí ẹ sì kọ òótọ́.

Ẹ jẹun.

Olùkọ́ yín,
Ìtẹ́.


Igbókòdá,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọ mi,

Wo àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ kí n tó lè kọ ọ́.

Mo ti ń jẹun. Mo fara mọ́ máàkì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ibi tí o ti kọ "ìlara" yẹn, mo fẹ́ pẹjọ́. Kì í ṣe ìlara. Ojú mi ni kò rí apá òsì náà nígbà yẹn. Ìyá rẹ ló fi ìka hàn mí lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ohun tó ń sọ rèé, àbí o ò rí i ni?" Mo ní mo rí i. N ò rí i. Mo rí i báyìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn àgbààgbà tún béèrè Dọ́kítà lọ́wọ́ mi. Mo dìde láàárín ìjọ. Mo ní, "Ọmọ mi kì í ṣe dọ́kítà. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Ó ń ya ìràwọ̀ lóru. Ohun tí mo sọ fún yín tẹ́lẹ̀, irọ́ ni, èmi ni mo pa á." Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ jókòó. Ni Beauty, èyí tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà, tí kò fìgbà kan mọ ìṣirò, bá na ọwọ́ sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ní, "Tíṣà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé Ìyá pọ̀n yín wọ ọkọ̀?"

Mo wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ ń wo òrùlé.

Mo ní, "Òótọ́ ni."

Ọmọ mi, ẹ̀rín tó bú jáde nínú ìjọ náà, n ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òkun ti lé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Awoye náà ni wọ́n ti wá, ilé tiwọn náà ti lọ. Ọ̀kan ní ewúrẹ́ lòun gbé sá, òun gbàgbé ìyá ọkọ òun lórí tábìlì. Òmíràn ní òun padà lọ mú bàtà, ẹsẹ̀ kan ló bá. Títí a fi ṣe àdúrà ìkẹyìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú. Èmi náà nu tèmi.

O ní kí n kọ ibi tí o máa gbà. Wọ bóòtù kankan tó bá ti ní aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Igbókòdá. Má béèrè ilé Ọ̀gá Olówòkéré, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Má béèrè Bàbá Dọ́kítà, ẹni yẹn ti kú. Béèrè ilé Bàbá Àpọ̀nwọkọ̀. Ẹni tí o bá bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á mú ọ wá bá wa.

Bàbá rẹ,
Lawrence Àpọ̀nwọkọ̀ Olówòkéré.